Agolo Òjò Tíṣà Ògúndáre

Ọdún mẹ́rìnlá ni bàbá mi, Tíṣà Ògúndáre, fi kọ́ni ní jọ́gíráfì ní Okokomaiko, ṣùgbọ́n agolo mílíìkì kan tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé ni wọ́n fẹ́ràn ju gbogbo wa lọ. Òun ni wọ́n fi ń wọn òjò. Láràárọ̀, wọn á ti rúlà bọ̀ ọ́, wọn á kọ ọ́ sínú ìwé, wọn á sì dá ẹni tó ń kọjá lọ dúró: "Òjò Ìbà kì í ṣe òjò Ọ̀jọ́ o! Oòrùn á máa yan ará Ìbà bí àgbàdo, atẹ́gùn odò á máa fẹ́ ará Ọ̀jọ́. Àwa tá a wà láàárín, a ò mọ èyí tó máa kàn wá."

Ará Èkìtì ni wọ́n, wọn ò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Omi tó bá ti ju ti báàfù lọ, ẹ̀rù ẹ̀ ń bà wọ́n. Mọ́mì ní tiwọn, gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ọ̀jọ́ lọ ra ẹja yíyan ní òdìkejì.

Ní oṣù kẹta ọdún 1991, mo yọ́ lọ bu omi ife kan sínú agolo náà. Eré ni o. Dádì jí, wọ́n rí omi, wọ́n ní òjò ti rọ̀ lóru, pé ìjì ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀. Wọ́n sáré lọ èbúté, wọ́n ní kí ọkọ̀ kankan má ṣí. Àwọn atukọ̀ jókòó di ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀kán kan ò kán. Bí wọ́n ṣe sọ bàbá mi ní Tíṣà Olójò nìyẹn. Mo rẹ́rìn-ín títí inú fi ń run mí. Mi ò jẹ́wọ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ní Ọjọ́bọ̀, ooru mú wa bí ẹni wà nínú ààrò. Atẹ́gùn odò tó máa ń wọlé láago kan ò dé. Ewé ò mì. Dádì ń wo apá Ìbà, ojú ọ̀run ibẹ̀ sì dúdú bí ìdí ìkòkò.

"Tinúkẹ́, aago mélòó ni ìyá ẹ máa ń gbéra bọ̀?"

"Mẹ́ta, sà."

Wọ́n wo aago: méjì kọjá ogún ìṣẹ́jú. Bí wọ́n ṣe ń sáré, sílípáàsì mi kan, tiwọn kan, ló wà lẹ́sẹ̀ wọn.

Ọ̀kadà kan gbé àwa méjèèjì. Ní Ìyànà Ìbà, ìjì ti ń gbé ọ̀rá àti iyanrìn. Ṣùgbọ́n nígbà tá a dé èbúté Ọ̀jọ́, oòrùn ń ràn yòò, omi tẹ́ bí dígí.

Bí aṣọ pupa bá wà lórí ọ̀parun èbúté, ọkọ̀ kì í ṣí ní òdìkejì.

"Mùsílíù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ta aṣọ pupa!"

Olórí atukọ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Tíṣà Olójò! Agolo ti tún sọ̀rọ̀?"

"Ìjì ti dé Ìbà."

"Ṣé Ìbà la wà ni? Ebi lẹ fi pa wá sùn lọ́jọ́sí. Ẹ lọ sọ ọ́ ní kíláàsì."

Dádì nawọ́ sí òdìkejì. "Ìyàwó mi wà lọ́hùn-ún."

Orúnkún mi ti kanlẹ̀ kí n tó mọ̀. "Bọ̀dá Mùsílíù, èmi ni mo bu omi sínú agolo lọ́jọ́sí. Èmi ni mo tan bàbá mi jẹ."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Dádì ò tiẹ̀ wò mí.

"Ọmọ yìí, o ò dáa o," ni Mùsílíù wí, ó sì fa okùn aṣọ pupa náà.

Aṣọ gòkè, ó wá rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀ mọ́ ọ̀parun. Atẹ́gùn tí yóò tẹ́ ẹ ò sí. Lọ́hùn-ún, èèyàn ti ń wọ ọkọ̀.

Dádì já aṣọ náà. Wọ́n wọ inú omi lọ, bàbá mi tí ń bẹ̀rù omi tó bá ti ju ti báàfù lọ, ó mù wọ́n dé àyà. Mo di etí kejì mú, a nà án síta, a ń jù ú sókè sódò. Orí ọkọ̀ náà ti yà kúrò létí omi. Ó dúró. Ó dà bíi pé ó ń padà. Ni ìjì bá já lù wá, n ò rí nǹkan kan mọ́.

Ó lé ní wákàtí méjì tá a fi jókòó sábẹ́ búkà, ojú Dádì ò kúrò lára omi. Òjò dá. Ọkọ̀ kan yọ. Mọ́mì jókòó níwájú, agbọ̀n ẹja lórí itan.

"Bàbá Tinúkẹ́, ta ló ti yín sómi?"

Nígbà tá a délé, agolo kún dẹ́múdẹ́mú. Dádì mú rúlà, wọ́n dúró, wọ́n wá wò mí.

"Ṣé òjò lèyí, àbí ìwọ?"