Alágbẹ̀dẹ Tó Wọ Kíláàsì Nítorí Bọ́ọ̀lù

Ohun tí Nils Engdahl mọ̀ nípa kọ́lẹ́ẹ̀jì ìlú Vallby kò ju ẹṣin àwọn olùkọ́ ibẹ̀ lọ, torí òun ló ń kan irin mọ́ wọn ní pátákò. Ọmọ Sweden ni bàbá rẹ̀, bíi ti ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìlú kékeré tó wà láàárín oko àlìkámà ní Kansas yìí. Bàbá náà kú nígbà tí Nils ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbádùn ìwé kíkà, ni wọ́n bá mú ọmọ kúrò nílé ìwé, wọ́n ní kó lọ máa fín ẹwìrì. Nígbà tó fi máa pé ọgbọ̀n ọdún, apá rẹ̀ ti ki bí itan ọkùnrin mìíràn. Ó ti fẹ́ Elin, wọ́n ti bí Ebba, kò sì sẹ́ni tó rántí mọ́ pé ó fẹ́ràn ìwé rí. Òun fúnra rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé.

Lọ́dún 1908, nígbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́, kọ́lẹ́ẹ̀jì náà wọ àjọ eré ìdárayá ẹkùn wọn fún ìgbà àkọ́kọ́. Bọ́ọ̀lù ibẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí à ń fẹsẹ̀ gbá. Wọ́n á gbá a mọ́ àyà, wọ́n á máa forí sọ ara wọn bí àgbò, ẹni tó bá lè ta ará iwájú dànù ni yóò kọjá. Ènìyàn mọ́kànlá ni wọ́n nílò. Mẹ́wàá ni wọ́n rí tó ṣe é fọkàn tán. Ẹni kọkànlá ni Torsten, ọmọ tínínrín kan tí kò ríran tó bá ti bọ́ awò ojú rẹ̀.

Ni Emil Sandahl, balógun àwọn agbábọ́ọ̀lù náà, bá gba ilé alágbẹ̀dẹ lọ.

"Bọ̀dá Nils, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá wa gbá bọ́ọ̀lù."

"Èmi bàbá ọlọ́mọ?"

"Ẹ ò ní sáré rárá. Ẹ ṣáà dúró síwájú, kẹ́nikẹ́ni má kọjá."

Nils rẹ́rìn-ín. Ó ní tó bá jẹ́ ti ìdúró ni, iṣẹ́ tóun ń ṣe látàárọ̀ náà nìyẹn.

Òfin àjọ ni pé akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ló lè gbá a. Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ti mọ bí wọ́n ṣe ń yí i: wọ́n á kọ orúkọ alápatà mọ́ ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́, alápatà náà kò sì ní mọ ojú ọ̀nà kíláàsì. Ohun tí Emil ní lọ́kàn nìyẹn. Ṣùgbọ́n Mísì Tilda Rydbeck, olùkọ́ ìṣirò, kò gbà. Ó ní orúkọ kì í jókòó ní kíláàsì òun, ènìyàn ló ń jókòó níbẹ̀.

Bí Nils ṣe di akẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn. Ó wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kejì pẹ̀lú èédú lọ́rùn, àga ké gbinrin lábẹ́ rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín, òun náà bá wọn rín in. Lẹ́tà ni wọ́n fi ń ṣe ìṣirò níbẹ̀. Ìyẹn ò yé e páàpáà, ṣùgbọ́n kò pa ọjọ́ kankan jẹ. Tó bá délé, Elin á gbé kọfí síwájú rẹ̀, á ní, "Bàbá Ebba, akẹ́kọ̀ọ́ wa, iṣẹ́ tí tíṣà fún yín dà?" Á fi ṣẹ̀fẹ̀, á sì lé Ebba jáde kí ariwo má baà dí bàbá rẹ̀ lọ́wọ́.

Nínú ìdíje àkọ́kọ́, wọ́n lu Vallby bí aṣọ òfì. Lẹ́yìn ìyẹn ni Nils wá mọ̀ pé ó yẹ kóun tẹ̀ ba kí ọ̀tá tó dé. Wọ́n borí nínú ìkejì, wọ́n tún borí, wọ́n ń borí lọ. Àwọn àgbà ìjọ tó ń pe bọ́ọ̀lù ní eré èṣù bẹ̀rẹ̀ sí í rí ìdí tó fi yẹ káwọn gba ẹ̀gbẹ́ pápá kọjá. Ó wá ku ìdíje àṣekẹ́yìn pẹ̀lú kọ́lẹ́ẹ̀jì Kirkvale. Ẹni tó bá borí níbẹ̀ ló gba ife ẹ̀yẹ ẹkùn wọn.

Kirkvale ránṣẹ́ sí àjọ pé alágbẹ̀dẹ ni Vallby ń lò. Àjọ rán Ọ̀gbẹ́ni Pruitt wá. Ó pe Mísì Rydbeck, Emil àti Nils jọ, ó bi olùkọ́ bóyá ọkùnrin yìí ń wá sí kíláàsì. Mísì Rydbeck ní kò pa ọjọ́ kan jẹ. Pruitt wá bèèrè bóyá ó ń yege, torí òfin fẹ́ ìyẹn náà.

Emil ń fojú bẹ olùkọ́. Ojú Mísì Rydbeck pọ́n, ó ṣí ìwé tó ń kọ máàkì sí, ó sì tún pa á dé. Nils rí i pé obìnrin tí kì í parọ́ yìí ti fẹ́ pa irọ́ nítorí òun. Ó dìde.

"Mo fìdí rẹmi nínú ìdánwò tó kọjá, sà."

Wọ́n yọ ọ́ kúrò lára àwọn agbábọ́ọ̀lù. Emil ò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí ọjọ́ ìdíje fi pé.

Lọ́jọ́ náà, Nils dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn tí wọ́n ta yí pápá ká, ó gbé Ebba sí èjìká. Torsten ló wà ní àyè rẹ̀. Ọmọ náà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó sì dúró bí ọkùnrin, àfi ìgbà tó kù díẹ̀ kó parí, tí Kirkvale gba orí rẹ̀ kọjá, tí wọ́n sì gba ife náà lọ. Nils ti pariwo títí ohùn rẹ̀ fi há. Emil wá bá a, ẹrẹ̀ bò ó lójú, omijé ń la ẹrẹ̀ náà kọjá.

"Tó bá jẹ́ pé ẹ wà níbẹ̀ ni, Bọ̀dá Nils."

"Mo mọ̀," ni Nils wí, ó fa orí ọmọ náà mọ́ àyà.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, àga tún ké gbinrin. Mísì Rydbeck yíjú kúrò lára pátákó.

"Bọ́ọ̀lù ti parí, Ọ̀gbẹ́ni Engdahl."

"Mo mọ̀, Mísì. Ibi tẹ́ ẹ bá a dé lọ́jọ́ Ẹtì ni kò tíì yé mi."

Ó tún fìdí rẹmi nígbà òtútù. Nígbà tí yìnyín yọ́, ó yege, ṣùgbọ́n díẹ̀ báyìí ló fi yege. Elin ṣe àkàrà òyìnbó oníwàràkàṣì, Emil àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì wá jẹ ẹ́ tán ní ilé alágbẹ̀dẹ. Nils kò gbá bọ́ọ̀lù mọ́, orúnkún rẹ̀ ò gbà á. Ṣùgbọ́n lọ́dọọdún, tí iṣẹ́ oko bá dẹwọ́, tí ẹṣin kò sì pọ̀, á wọ kíláàsì kan: ìtàn, ìràwọ̀, ohunkóhun tí wọ́n bá ń kọ́. Kò gba ìwé ẹ̀rí kankan, kò sì bèèrè. Nígbà tí Ebba dàgbà tó wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó bá bàbá rẹ̀ ní kíláàsì kan náà. Ó bẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ nílé pé kó máa fi ìbéèrè díẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tó kù.