Ààwẹ̀ Àna Mi

Ẹ kò ní í gbà mí gbọ́, mo mọ̀. Àwàdà ti pọ̀ jù lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n bàbá tó bí ìyàwó mi gbààwẹ̀ nílé mi ní Festac láti ẹ̀ẹ̀rùn kan dé èkejì, kì í sì í ṣe nítorí Ọlọ́run.

Ọmọ Ìsẹ́yìn ni. Ó ti ta mílíìkì àti ṣúgà ní Ìjẹ̀gún-Ẹ̀gbá títí ó fi darúgbó, kí a tó mú un wá sí fúláàtì wa lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ó tó bí mi, síbẹ̀ "ẹ" ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀, torí àna ni wá. Ìhòòhò àna kì í ṣe ohun tí àna ń rí.

Kò pẹ́ tó dé tí ààwẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀. Kò ní í mumi láàárọ̀, kò ní í mumi lọ́sàn-án. Bílẹ̀ bá ṣú, á jẹun, á fi omi díẹ̀ kan ẹnu. Ó kọ àga wa, orí ẹní ló ń jókòó. Aṣọ dúdú nìkan ló ń wọ̀. Tùràrí kì í kú ní yàrá rẹ̀. Kò tẹ̀lé wa lọ sí mọ́ṣáláṣí Àmúwo mọ́, ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Àwọn aládùúgbò ń wá kí i pé kó ṣàdúà fún àwọn. Èmi ní tèmi, mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má gba gbogbo àyè tó wà ní àlùjánà tán. Ìyàwó mi á fojú gún mi. Bàbá á rẹ́rìn-ín, ètè rẹ̀ á sì là.

Lọ́jọ́ kan tí omi ẹ̀rọ kò gòkè, ó sọ̀kalẹ̀ lọ pọnmi fúnra rẹ̀, torí kì í jẹ́ kẹ́nikẹ́ni bá òun fọṣọ. Orí àtẹ̀gùn ló ṣubú sí. Nígbà tí mo débẹ̀, nọ́ọ̀sì tó ń gbé ìsàlẹ̀ wa ti kúnlẹ̀ tì í. Korobá rẹ̀ ṣófo, kò tíì dé ìdí ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ṣòkòtò rẹ̀ ti rin.

"Àna mi," ló wí, "ẹ yíjú."

Mo yíjú. Ẹ̀yìn ni mo kọ sí i tí mo fi gbọ́ gbogbo rẹ̀: pé ìtọ̀ ń jò lára òun, òun kì í mọ̀, pé aṣọ dúdú kì í jẹ́ kó hàn, tùràrí ni kò jẹ́ kó rùn.

"Bí n kò bá mumi, kí ni yóò jò?"

"Bàbá, omi kọ́ ló ń ṣe yín," ni nọ́ọ̀sì dá a lóhùn. "Nǹkan kan ló wú tó dí ọ̀nà. Ìtọ̀ kì í jáde tán, èyí tó kù ló ń kún tó ń jò. Ẹ̀ bá ti sọ."

Nílé ìwòsàn, wọ́n ki rọ́bà bọ ojú ìtọ̀ rẹ̀. Ìtọ̀ tó jáde kún ike, ó tún kún òmíràn. Dókítà ní ìtọ̀ ti padà sẹ́yìn tipẹ́, ó ti ba kídìnrín jẹ́. Nírọ̀lẹ́, mo sọ fún bàbá pé mo ti bi àáfà: ẹni tí ìtọ̀ ń jò lára rẹ̀ á di aṣọ mọ́ra, á ṣe àlùwàlá fún ìrun kọ̀ọ̀kan, ìrun rẹ̀ á sì gbà. Ó ní ṣé bẹ́ẹ̀ ni.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó na ọwọ́ sí mi.

"Àna mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lómi."

Mo ti gbé ife. Nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù gbà á lọ́wọ́ mi, ó ní kídìnrín bàbá kò lè yọ omi dànù mọ́, ìwọ̀n tí dókítà ní kó mu lóòjọ́ ti pé.