Adìẹ Alágbọn Tí A Ò Tọ́ Wò

Bí omi àgbọn bá ti pàdé ata rodo nínú ìkòkò gbígbóná, ìtasánsán rẹ̀ kì í jókòó sí ilé ìdáná. Nílé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó, yóò gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, yóò sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, yóò sì bọ́ sí àdúgbò kí adìẹ tó rọ̀. Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, ààwẹ̀ ń lọ lọ́wọ́, ọ̀fun mi gbẹ, ara mi ò sì balẹ̀ rárá. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń bọ̀ wá ṣínu lọ́dọ̀ wa, bí a bá sì jẹun tán, yóò gbé ìyá wa lọ sí ilé rẹ̀ ní Ìkòròdú.

Láti ìgbà tí ìyá mi ti ṣe opó bàbá wa tán, orí àga kan létí fèrèsé ló ń wà láti àárọ̀ dalẹ́. Kò bá ẹnikẹ́ni jà, kò sunkún, kò kàn ṣe nǹkan kan ni. Oúnjẹ tí mo bá gbé síwájú rẹ̀, á fi ṣíbí kàn án lásán, á ní òun ti yó. Ẹ̀gbọ́n mi ní àìrí ìtọ́jú ni. Èmi tí mi ò jẹ́ kí ó fọwọ́ kan omi tútù, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ akínyẹmi ara. Mo wá pinnu pé adìẹ alágbọn tí ìyá tó bí i máa ń sè ni n ó sè. Bí ó bá lè jẹ ẹ́ tán lójú ẹ̀gbọ́n mi, bóyá á fi í sílẹ̀ fún mi.

Oúnjẹ náà ò le. Wàá gé adìẹ, wàá rẹ́ àlùbọ́sà lé e, wàá fi ata rodo àti iyọ̀ sí i, wàá da omi àgbọn bò ó, wàá dín iná kù, ó parí. Ohun tó le níbẹ̀ ni pé nílé wa, ẹni tó ń gbààwẹ̀ kì í fi ahọ́n kan oúnjẹ, kódà bí yóò tu ú dànù. Àwọn ààfáà kan ní kò burú. Ìyá ìyá mi ní ó burú, tirẹ̀ la sì ń tẹ̀ lé. Nítorí náà, obìnrin Àgùdà tó ń gbé nísàlẹ̀ ilé wa ló máa ń bá wa tọ́ iyọ̀ wò. Á gòkè wá, á lá ọbẹ̀ látẹ́lẹwọ́, á ní ó ti tó tàbí ó kù díẹ̀, á sì bá tirẹ̀ lọ.

Mo ti bu iyọ̀ sọ́wọ́ nígbà tí fóònù dún. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó ní òun ń wá ibi tí òun máa gbé mọ́tò sí ní Ìdúmàgbò, kí n ti di ẹrù ìyá wa sílẹ̀. Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, kò sí iyọ̀ lọ́wọ́ mi mọ́. Ṣé inú ìkòkò ni mo dà á sí, àbí inú ike rẹ̀ ni mo dà á padà sí? Mo ronú títí, mi ò rántí. Mo sáré lọ sísàlẹ̀, àgádágodo ló wà lẹ́nu ilẹ̀kùn obìnrin Àgùdà. Mo padà sókè, mo ṣí ìkòkò, mo tún dé e. Mo lọ wo ìta lójú fèrèsé, àwọn oníṣọ́ọ̀bù ti ń kó ọjà wọlé, obìnrin náà ò yọ. Mo bu iyọ̀, mo tún dà á padà, nítorí bí mo bá fi sí i lẹ́ẹ̀mejì, kò ní ṣeé fẹnu kàn. Mo ń lọ, mo ń bọ̀, bí adìẹ tó ń wá ibi tó máa yé sí. Ìyá mi ń wò mí láti orí àga rẹ̀.

Ládàánì pe ìrun. A fi dàbínù àti omi ṣínu, a kírun, a jókòó sídìí oúnjẹ. Ẹ̀gbọ́n mi bu adìẹ sẹ́nu, ó gbé ṣíbí sílẹ̀. Èmi náà tọ́ ọ wò. Ọ̀rẹ́ mi, kò sí iyọ̀ níbẹ̀ rárá. Ẹ̀gbọ́n mi wo abọ́, ó wò mí, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bọ́ sí i lọ́wọ́.

Ìyá mi jẹ díẹ̀, ó dúró. Ó ní kí n gbé ìkòkò padà sórí iná. Kí n tó dìde, òun ti dìde. Ó fọwọ́ ti ògiri, ó wọ ilé ìdáná tí kò wọ̀ láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, mo gbé ìkòkò tẹ̀ lé e, mo mú iyọ̀, ó sì gbà á lọ́wọ́ mi. Ó bá mi wí pé omi tí mo fi fún àgbọn ti pọ̀ jù, ó ní ta ló kọ́ mi láti gé adìẹ wẹ́wẹ́ báyìí. Ó ti pẹ́ tí ìyá mi ti bínú sí mi gbẹ̀yìn. Inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi.

Ẹ̀gbọ́n mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, “Ìyá, ẹ fi sílẹ̀, ẹ wá sinmi.”

Ìyá mi ò bojú wẹ̀yìn. “Ọmọ tí ò mọ̀ bóyá òun fi iyọ̀ sọ́bẹ̀, o fẹ́ kí n fi ilé sílẹ̀ fún un?”

Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló padà sí Ìkòròdú. Ìyá mi jẹ itan adìẹ kan tán, ó sì fọ́ eegun rẹ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ro ọ̀rọ̀ yìí. Bàbá wa ló ń dáná fún láti ìgbà tó ti wọlé ọkọ. Bàbá kú, èmi gba ìkòkò lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní kó jókòó, mo sì ń pe ìyẹn ní ìtọ́jú. Gbogbo ìgbà tí mo rò pé kò rí oúnjẹ tó wù ú jẹ, ẹni tí òun yóò se oúnjẹ fún ni ìyá mi ń wá.