Yoke Tó Ń Bọ̀ Láti Jámánì

Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Dublin, tí wọ́n kó wa sí ilé tí wọ́n ń kó àwọn tó ń tọrọ ààbò sí, obìnrin aláwọ̀ funfun kan wà tó ń bójú tó ilé ìdáná. Lọ́jọ́ kan, ó nawọ́ sí áyọ́ọ̀nù tó wà lórí tábìlì, ó ní kí ìyàwó mi bá òun gbé yoke yẹn wá. Ìyàwó mi dìde dúró, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ní, "Ní orúkọ Jésù, kò sí yoke tó máa dúró nínú ilé yìí!" Obìnrin náà wo áyọ́ọ̀nù, ó wo ìyàwó mi, ó sì lọ gbé e fúnra rẹ̀.

Ó pẹ́ kí a tó mọ̀ pé ohunkóhun tí orúkọ rẹ̀ kò bá tètè wá sí ẹnu àwọn ará ibí, yoke ni wọ́n ń pè é. Ìkòkò lè jẹ́ yoke. Rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n náà lè jẹ́ yoke. Ṣùgbọ́n ilé-ìwé ìjọ ni èmi àti ìyàwó mi ti kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, inú Bíbélì la sì ti kọ́kọ́ rí ọ̀rọ̀ náà: àjàgà, igi tí wọ́n ń gbé kọ́ màlúù lọ́rùn. Títí di òní, bí ìyàwó mi bá gbọ́ ọ, ètè rẹ̀ á kọ́kọ́ mì ná, kó tó rántí ibi tó wà.

Èmi nìkan ni mo gbọ́ ìtumọ̀ kẹta. Táàsì ni mo ń wà, kò sì sí ohun tí etí awakọ̀ táàsì kì í gbọ́. Àwọn ọ̀dọ́ tí mo máa ń gbé lọ síbi orin a máa bi ara wọn lẹ́yìn ọkọ̀ pé, "Ta ló mú yokes dání?" Oògùn oníhóró ni wọ́n ń sọ, èyí tí wọ́n ń gbé mì kí ijó má bàa rẹ̀ wọ́n. Mo máa ń ṣe bí ẹni tó ń wo ojú ọ̀nà. Mo sì máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ọmọ tèmi kò sí láàárín wọn.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún wa. Dublin la bí i sí. Ó ti di géńdé, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Ballycoolin, ọ̀dọ̀ wa ló sì ń gbé. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì àwọn ará ibí ló fi ń dáni lóhùn, àfi bó bá fẹ́ tọrọ nǹkan.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo ń tú táì ọrùn mi nínú pálọ̀, ni mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú ilé ìdáná. Ó ń fóònù. Ó rọra ń sọ̀rọ̀ ni, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ ọwọ́. Ó ní yoke náà ń bọ̀ láti Jámánì lọ́jọ́bọ̀. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣí i o, òun fúnra òun lòun máa wọ̀n ọ́n.

Mo wọlé. Ó ti fóònù bọ àpò.

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Kò sí ẹnì kankan, Dádì."

"Ṣé kò-sí-ẹnì-kankan ló ń kó ẹrù wọlé láti Jámánì?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò sí wàhálà, grand ni gbogbo nǹkan, ó sì gun òkè lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn, grand, mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó náà á ní grand lòun wà.

Kò ju ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀ tí ìyàwó mi fẹ́ wọn ìyẹ̀fun fún kéèkì àwọn ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ, kò sì rí ìwọ̀n rẹ̀. Ó tú gbogbo ilé ìdáná. Nígbà tó yá, ó gòkè lọ sí yàrá ọmọ, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù tí àwọn ará ibí ń pè ní press. Ó pè mí. Ìwọ̀n náà ló wà níbẹ̀, wọ́n fi aṣọ ìnura wé e. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ọ̀rá kéékèèké wà, àwọn ọ̀rá tí ẹnu wọn ṣeé tẹ̀ pa, wọ́n kọ nọ́ńbà sára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí nǹkan nínú wọn. Mo gbé ìwọ̀n sí imú, ó ń rùn bí nǹkan tí wọn kì í fi se oúnjẹ.

Ìwọ̀n àti ọ̀rá. Mo ti rí méjèèjì lórí tẹlifíṣọ̀n, lórí tábìlì tí àwọn ọlọ́pàá máa ń tẹ́ nǹkan sí kí wọ́n tó ya fọ́tò.

Ìyàwó mi jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. "Mo ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀," ló wí. "Yoke, yoke tó ń bọ̀ láti Jámánì, ní gbogbo ìgbà. Ọmọ náà ti fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ń dè é mọ́lẹ̀. Mò ń pe àwọn obìnrin ìjọ. Àdúrà ni."

"Ní sùúrù. Jẹ́ kí n fojú ara mi rí i ná."

"Ẹ̀yin ọkùnrin! Ẹ ó máa fojú rí i títí àwọn ọlọ́pàá á fi fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀kùn wa wọlé."

Mi ò sọ ohun tí mo mọ̀ nípa oògùn oníhóró fún un. Ẹ̀rù bà mí pé bí mo bá sọ ọ́ jáde, á di òótọ́. Ohun tó wà lọ́kàn mi le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá jẹ́ pé ó ń ta á, ó di dandan kí n mú un lọ bá ọlọ́pàá kí wọ́n tó wá mú un, tàbí kí n ní kó kó ẹrù rẹ̀ jáde. Bí kò bá sì jẹ́ bẹ́ẹ̀, tí mo fi ẹ̀sùn kàn án, á kó ẹrù náà jáde fúnra rẹ̀. Mo mọ bàbá kan nínú ìjọ wa tó pe ọmọ rẹ̀ lólè. Ìyàwó bàbá náà ṣì ń dáná tọmọ náà, ọdọọdún ni, lọ́jọ́ Kérésìmesì, ọmọ náà kò sì padà wá jẹ ẹ́ rí.

Lọ́jọ́ Sátidé, ọmọ ní òun ń lọ gbá bọ́ọ̀lù. Kò mú bàtà bọ́ọ̀lù. Ó wọ bọ́ọ̀sì, mo sì wọ táàsì mi. Ohun tó dára nínú táàsì ni pé kò sẹ́ni tó ń wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo tẹ̀ lé bọ́ọ̀sì náà títí dé Finglas. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó rìn wọ ọgbà kan tí wọ́n kọ́ àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké sí, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń ta táyà, ó kan ilẹ̀kùn irin. Bàbá arúgbó aláwọ̀ funfun kan gbé ilẹ̀kùn náà sókè díẹ̀, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ wọlé, ilẹ̀kùn sì bọ́ sílẹ̀.

Mo gbé orí lé sítíárìn ọkọ̀. Mo ní, Olúwa, ìwọ tó kó wa dé ibí láìsí bàtà tó dáa lẹ́sẹ̀ wa, má jẹ́ kó jẹ́ ibí ni a ó ti pàdánù rẹ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀. Mo kan ilẹ̀kùn.

Bàbá náà yọjú, ó rí táàsì mi. Ó ní àwọn ò pe táàsì.

Mo ní, "Èrò kọ́ ni mo wá gbé. Ọmọ mi ni."

Láti inú lọ́hùn-ún ni mo ti gbọ́ ohùn ọmọ mi, Yorùbá ló sì jáde lẹ́nu rẹ̀, kò rí àyè wá Gẹ̀ẹ́sì: "Ah! Dádì! Ṣé ẹ tẹ̀ lé mi ni?"

Tábìlì ni mo ń wò. Aṣọ funfun ni wọ́n tẹ́ sórí rẹ̀, wọ́n to písítọ̀n ẹ́ńjìnì sí i lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n ń dán bí ife tí wọ́n fi ń gba oúnjẹ Olúwa nínú ìjọ. Ìwọ̀n ńlá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ọ̀rá kéékèèké kún orí pákó, nọ́ọ̀tì ló sì wà nínú wọn.

Lẹ́yìn tábìlì ni ọkọ̀ wà. Ìgbà tí mo rí i, ẹnu mi ló ṣáájú ọpọlọ mi.

"V-boot! V-boot lásán nìyí! Irú èyí ni táàsì tí mo kọ́kọ́ wà ní Dublin!"

Bàbá náà bú sẹ́rìn-ín títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ọmọ mi tẹjú mọ́ mi bí ẹni tí mo bú ìyá rẹ̀. "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é ní táàsì mọ́."

"Yoke tó ti Jámánì wá dà?"

Ó nawọ́ sí àwọn písítọ̀n. Ó ní gbogbo wọn gbọ́dọ̀ wúwo bákan náà. Bí ọ̀kan bá fi díẹ̀ wúwo ju àwọn yòókù lọ, ẹ́ńjìnì á máa gbọ̀n. Ìwọ̀n ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ fi gbìyànjú rẹ̀ nílé, kó tó rí i pé ìwọ̀n ìyẹ̀fun kò péye tó bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà ara ọ̀rá ló sì ń sọ ibi tí nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan ti jáde.

"Kí ló dé tí o fi ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́?"

"Nítorí Mọ́mì. Bí mo bá pariwo yoke nínú ilé yẹn, ṣé wọ́n á jẹ́ kí n jẹun?"

Ọkàn mi fò kúrò lára ọmọ, ó bà lé bàbá. Kí ni arúgbó yìí ń fẹ́ lọ́wọ́ ọmọ aláwọ̀ dúdú tó fi ń tì í mọ́lé? Àti pé ọkọ̀ táàsì ló wà níwájú mi, wọ́n wá ń fi aṣọ funfun tọ́jú rẹ̀. Mo bi wọ́n léèrè.

Ọmọ mi ló ròyìn rẹ̀. Ó ní àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ náà ní Jámánì mú ẹ́ńjìnì ọkọ̀ wọn ńlá, wọ́n fẹ́ kì í bọ inú èyí tó kéré jù ú lọ. Wọ́n ní láti fẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí táyà tó fẹ̀ lè gbà. Nígbà tí wọ́n fẹ̀ ẹ́ tán, kò gba ojú ọ̀nà inú ilé iṣẹ́ wọn kọjá mọ́. Ni wọ́n bá gbé e lọ bá ilé iṣẹ́ mìíràn nítòsí, àwọn tó mọ ọkọ̀ ìdíje ṣe, tí iṣẹ́ ti ń wọ́n lọ́wọ́ wọn lásìkò náà. Àwọn ìyẹn fi ọwọ́ to ara rẹ̀ pọ̀. Wọ́n á gbé e padà sí ilé àkọ́kọ́ kí wọ́n kùn ún, wọ́n á tún gbé e wá kí wọ́n fi ẹ́ńjìnì sí i. Àlọ àti àbọ̀, lórí ọkọ̀ akẹ́rù. Ìdí nìyẹn tí wọn kò fi ṣe púpọ̀.

Mo ní, "Irọ́. Ilé iṣẹ́ méjì tó ń ta ọkọ̀ lọ́jà kan náà, kí wọ́n wá jọ bí ọmọ kan?"

"Mo wà níbẹ̀," ni bàbá náà wí. Ìgbà èwe rẹ̀ ló lọ wá iṣẹ́ sí Jámánì, nígbà tí kò sí iṣẹ́ ní Ireland. Òun wà lára àwọn tó ń so ọkọ̀ náà mọ́ ẹ̀yìn akẹ́rù. Ó ní, "Ìwọ tó wa irú rẹ̀, fọwọ́ pa á níbí."

Mo fi àtẹ́lẹwọ́ pa ìbàdí ọkọ̀ náà, lókè táyà. Mo ti fọ irú ara ọkọ̀ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọwọ́ mi mọ ibi tó yẹ kó ti sọ̀ kalẹ̀. Kò sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀. Ó tún wú síta díẹ̀ sí i, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó fi owó pamọ́ sábẹ́ agbádá. Ojú kò lè rí i. Ọkọ̀ tó ní irú agbára yẹn, ó wá múra bíi táàsì. Mo fura sí òun náà.

"Kí lo ń fẹ́ lọ́wọ́ ọmọ mi?" ni mo bi bàbá náà.

"Ọwọ́ rẹ̀," ló wí. Ó na ọwọ́ tirẹ̀ síwájú mi, ó ń gbọ̀n bí ewé. Ó ní gbogbo ẹni tó bá mọ̀ pé ọkọ̀ náà wà níbí ń fẹ́ rà á kúrò lọ́wọ́ òun, ìyẹn ló jẹ́ kóun máa wo ọ̀tún wo òsì. Ọmọ mi wá bá mi ra táyà táàsì nítòsí lọ́jọ́ kan, ó rí i, ohun tó sì béèrè ni bí wọ́n ṣe ṣe é.

Èmi àti ọmọ jọ wọ táàsì lọ sílé. Bí a ṣe ń sún mọ́ ilé ni mo rí i tí aládùúgbò wa dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, tó ń wo fèrèsé wa. A gbọ́ ọ láti ìta. Àwọn obìnrin ìjọ ti dé.

"Gbogbo yoke tó ń bọ̀ láti Jámánì!"

"Fọ́!"

"Mo ní yoke tí wọ́n ń fi ìwọ̀n wọ̀n!"

"Fọ́ túútúú!"

Ọmọ mi sáré wọlé. "Mọ́mì! Ẹ jọ̀ọ́! Ẹ má fọ́ ọ! A ò tíì tò ó tán!"

Ìyàwó mi la ojú. "Kí ni ẹ̀ ń tò?"

"Ẹ́ńjìnì."

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà, ìyá àgbà kan tó ń ta iṣu ní Moore Street, bọ́ jígí ojú rẹ̀. "Ẹ̀yin ará, a ti ń fọ́ ọ láti àárọ̀. Ṣé ẹ rò pé Ọlọ́run á ti bẹ̀rẹ̀?"

Wọ́n tún kúnlẹ̀. Wọ́n yí àdúrà náà padà, wọ́n ní kí ohun tó bá ti fọ́ padà so pọ̀. Ìyàwó mi kò ṣe àmín tí gbogbo ènìyàn ń ṣe. Ó dúró ti ọmọ rẹ̀, ó ń gbóòórùn ẹ̀wù rẹ̀, nígbà tó sì tẹ́ ẹ lọ́rùn pé epo ọkọ̀ ni, ó ní, "Ìwọ̀n mi ńkọ́?"

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa tan ẹ́ńjìnì náà, ọmọ pe àwa méjèèjì. Ìyàwó mi dúró nítòsí ilẹ̀kùn, ó gbá báàgì rẹ̀ mọ́ra, kò gbé ojú kúrò lára bàbá aláwọ̀ funfun. Bàbá náà ní kí wọ́n gbé ife tíì kan sórí ẹ́ńjìnì. Ọmọ mi gbé e síbẹ̀, ó wọ inú ọkọ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́.

Ó dún bí ẹni tó ń kùn nínú oorun. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo wo tíì náà. Kò mì. Bàbá náà nawọ́ láti gbé e, ọwọ́ rẹ̀ kọ̀, ó sì fà á padà. Ọmọ mi ló jáde wá gbé ife náà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún bàbá, ó dì í mú pẹ̀lú rẹ̀ títí ó fi mu ún. Mo gbọ́ tí ìyàwó mi ṣe àmín nígbà yẹn, lábẹ́lẹ̀.

Ọmọ náà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ní, "Dádì, ẹ má tẹ̀ lé mi mọ́ o."

Mo ní mo ti gbọ́. Mi ò ṣáà sọ pé mo gbà.