Omi Kọ́ Ló Gbé Làtífù

Ádímírà Adéòjó Mojúbàolú ti kú. Láti ọjọ́ Ajé ni wọ́n ti ń kì í lórí rédíò: akọni ojú omi, igbákejì olórí ìjọba ológun nígbà kan rí, ọmọ Ẹ̀pẹ́ àtàtà. Wọ́n sin ín sí Ìkòròdú, wọ́n fi àsíá bò ó, wọ́n yìnbọn sókè fún un. Wọ́n ní orúkọ rẹ̀ làwọn yóò fi sọ èbúté tuntun tí wọ́n ń kọ́ ní Ẹ̀pẹ́. Mo kí ìdílé rẹ̀ kú ará fẹ́ra kù. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà lẹ́nu mi tí kò jẹ́ kí n lè bá wọn yìn ín: Làtífù dà?

Apẹja ni Làtífù. Òun ló kọ́ Adéòjó bí a ti ń tukọ̀ nígbà tí àwọn méjèèjì jọ ń dàgbà. Nígbà tí Adéòjó dé ipò, ó sọ ọ́ fúnra rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n pé, "Làtífù ló fi omi hàn mí." Làtífù rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, tí kì í gúnlẹ̀ láìbu ẹja fún àwọn opó àdúgbò.

Nígbà tó yá, ìjọba wọn fẹ́ gba etí omi lọ́wọ́ àwa apẹja Ẹ̀pẹ́. Làtífù ní ká fọkàn balẹ̀. "Ṣebí Adéòjó náà ni? Ẹ jẹ́ n lọ bá a. Kò lè gbàgbé mi." Ó wọ aṣọ Jímọ̀ rẹ̀, ó di ẹja yíyan dání, ó lọ. Ẹnìkan rí i ní Èbúté Ìkòròdú, níbi táwọn ọmọ ogun Ádímírà ti ń tì í wọnú ọkọ̀ wọn. A ò rí i mọ́.

Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n ránṣẹ́ sí wa pé ó já sómi. Ẹni tó fi omi han Ádímírà!

Ní tiwa, bí omi bá gbé èèyàn, a kì í ju àwọ̀n, a kì í sì í jẹ ẹja inú rẹ̀, títí yóò fi dá òkú padà. Ọjọ́ mọ́kànlélógún la fi wá Làtífù. Èmi tí mò ń kọ̀wé yìí wà nínú ọkọ̀. Ọjà Olúwo tí a ti ń ta ẹja dá páropáro, ebi lu wá. Adéòjó, ọmọ apẹja, mọ èèwọ̀ yìí bí ẹni mowó. Ṣé kò mọ̀ pé a ó máa wá a ni? Ó mọ̀. Ó jókòó sílé ìjọba, ó ń wò wá.

Nígbà tó rẹ̀ wá, a padà sẹ́nu iṣẹ́. Rọ̀kíbátù, ìyàwó Làtífù, kò padà sídìí ẹja jíjẹ. Ọgbọ̀n ọdún ó lé ló fi ń yan ẹja ọ̀sà, tó ń tà á, tí kò fi kan ẹnu.

Lọ́dún tó kọjá, àìsàn dá Ádímírà dùbúlẹ̀, ó ní kí wọ́n pe Rọ̀kíbátù wá sílé òun ní Ìkòròdú. Èmi ni mo sìn ín lọ.

"Ìyàwó," ó ní, "omi kọ́ ló gbé Làtífù."

"Níbo lẹ wá gbé e sí, Bọ̀dá?"

Ó kọjú sí ògiri. Dùnsìn ọmọ rẹ̀ wọlé: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ó ti rẹ Dádì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi."

Kí wọ́n sinmi! Oṣù márùn-ún ló tún lò láyé lẹ́yìn ọjọ́ náà. Ó fi ẹnu náà jẹun, ó fi ṣàdúrà, kò fi sọ ibi tí sàréè Làtífù wà. Irú akọni wo nìyẹn?

Bí a ti ń padà, Rọ̀kíbátù ní kí n dúró ní èbúté. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí omi. "Omi, foríjì mí. Mo ti ń gbé ọ ṣépè láìṣẹ̀."

Ẹ̀yin ọmọ ogun tẹ́ ẹ wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́sí, ẹ ò tíì kú tán. Ẹni tó rí yín ní èbúté tún rí méjì nínú yín níbi ìsìnkú. Ta ló pàṣẹ? Ta ló gbẹ́ ilẹ̀? Ẹ̀yin ìjọba, ẹ má tíì kọ orúkọ kankan sára èbúté wa. Ẹ pè wọ́n kí wọ́n wá rojọ́ ní gbangba, kí wọ́n fi sàréè hàn wá, ká lè kírun sí òkú wa lára bó ti yẹ Mùsùlùmí.

Lọ́jọ́ tí ìbọn ń dún ní Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ ni mo wà, lọ́dọ̀ Rọ̀kíbátù. Ó bu ẹja síwájú, ó ń jẹ ẹ́, ó ń sunkún.

"Omi ti bọ́ nínú ẹjọ́," ó ní. "Ẹ bá mi bi àwọn tó kù: níbo ni wọ́n gbé ọkọ mi sí?"

Mo ti bi yín. Ẹ dáhùn.