Làálì Ọwọ́ Òsì

Láti ìgbà tí àfẹ́sọ́nà mi ti fi òrùka sí mi lọ́wọ́ ló ti ń yọ mí lẹ́nu pé kí n tún èékánná mi ṣe, kí n ya fọ́tò ọwọ́ náà, kí ìyá òun lè rí i. Awakọ̀ tírélà ni. Ẹ̀gbẹ́ títì ní Toll Gate, Ṣàngó, ló ti fún mi ní òrùka, kò tilẹ̀ pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, ó sì ti forí lé ọ̀nà Kánò kí n tó nu ojú mi tán. N kò bínú sí i. Ṣùgbọ́n ó ku èmi nìkan pẹ̀lú ọwọ́ kan tí gbogbo ayé fẹ́ máa wò.

Mo yà sí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń lẹ èékánná. Iye tí ọmọbìnrin ibẹ̀ pè é mú kí n fi ọwọ́ pamọ́ sẹ́yìn. Mo ní mò ń bọ̀. Àwa méjèèjì la mọ̀ pé n kò bọ̀. Kútẹ́ẹ̀sì kò sì ṣeé kùn, nítorí ilé iṣẹ́ bísíkíìtì ni mo wà, àràárọ̀ sì ni sùpáfáísọ̀ máa ń dúró lẹ́nu géètì láti yẹ ọwọ́ wa wò: kò sí òrùka, kò sí èékánná gígùn, kò sí ohunkóhun tó lè bọ́ sínú ìyẹ̀fun. Nínú gbogbo àwọn tá a jọ ń to bísíkíìtì, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé mo ti ní àfẹ́sọ́nà. Inú pọ́ọ̀sì mi ni òrùka náà máa ń wà títí a ó fi ṣíwọ́.

Làálì ló kù. Kì í bó, kò sì wọ́n. Ṣùgbọ́n èèyàn kì í dá làálì dì fún ara rẹ̀. Tí wọ́n bá ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ èékánná rẹ, tí wọ́n fi ọ̀rá wé e, ọwọ́ rẹ kò wúlò mọ́ nìyẹn. Ẹlòmíì ló máa fún ọ lóúnjẹ, tí imú bá sì ń yún ọ, òun náà ló máa bá ọ họ ọ́. Nílé wa ní Ìwó, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló máa ń di tèmi ní gbogbo ọdún Iléyá. Òun ló tọ́ mi lẹ́yìn tí ìyá wa kú. Á máa fi ẹ̀bà sí mi lẹ́nu, á máa pè mí ní Olorì, á sì mọ̀ọ́mọ̀ mú ẹran kọjá níwájú ẹnu mi lọ sẹ́nu ara rẹ̀.

Àtàn-Ọ̀tà ló ń gbé báyìí, ó ń ránṣọ. Kò jìnnà sí mi rárá. Ẹnu èmi ló sọ ibẹ̀ di ọ̀nà jíjìn.

Lọ́jọ́ tí mo lọ fi òrùka hàn án, ó dìde nídìí máṣíìnì, ó gbá mi mọ́ra, ó sunkún. Òun fúnra rẹ̀ kò tíì lọ́kọ. Gbogbo wa la mọ̀, a kì í sọ ọ́. Inú mi wá dùn jù. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, tiyín náà á dé láìpẹ́ o."

Àdúrà ni. Àmọ́ àdúrà tí àgbà ń ṣe fún ọmọdé ni, ọmọdé kì í ṣe é fún àgbà, pàápàá níwájú oníbàárà méjì. Ẹ̀gbọ́n mi jọ̀wọ́ mi. Ó tẹ orúnkún díẹ̀, bí ẹni ń kí àgbà, ó ní, "Ẹ ṣé o, ìyá mi. Àmín."

Ó padà sídìí máṣíìnì rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò gbé ìpè mi mọ́.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, mo po làálì sínú abọ́, mo jókòó sílẹ̀ nínú yàrá mi. Mo fi ọwọ́ ọ̀tún di òsì. Ó dára, mo yin ara mi. Ó wá kan ọ̀tún. Òsì tí mo ti dì kò lè di nǹkan kan mú. Mo fi eyín fa ọ̀rá, ó ya, làálì dà sí ìró mi. Mo bú làálì, mo bú ọ̀rá, mo bú awakọ̀ tírélà mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà mo kàn jókòó. Kò sẹ́ni tí mo lè pè pé kó wá bá mi di ìka márùn-ún péré. Tí mo bá ní n kò sunkún, irọ́ ni mo pa.

Ibẹ̀ ni fóònù ti dún. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Mo nu ọwọ́ ọ̀tún mọ́ ìró, mo fa ìka kọjá lójú fóònù, kò gbọ́. Mo fi imú tẹ̀ ẹ́. Imú mi gé ìpè náà.

Mo já ọ̀rá kúrò lọ́wọ́ òsì, mo sáré lọ fọ ọwọ́ méjèèjì, làálì náà kò tíì tó wákàtí kan. Mo pè é padà, kò gbé e. Mo pè é títí ó fi sú mi. Èékánná òsì pọ́n díẹ̀. Ọ̀tún kò mú rárá. Mo bọ́ òrùka, nítorí n kò fẹ́ kí ojú rẹ̀ tún kàn án, mo ya fọ́tò ọwọ́ òsì, mo fi ránṣẹ́ sí i. Mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ẹ má bínú. Làálì ni mò ń dì, imú mi ló gé ìpè yín." Kò fèsì títí ilẹ̀ fi ṣú.

Lọ́jọ́ Ajé, sùpáfáísọ̀ gbé ọwọ́ mi méjèèjì sókè lẹ́nu géètì. Ó ní, "Aunty, na one hand dem dey do now?" Àwọn tó wà lẹ́yìn mi rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí.

Nígbà tá a lọ jẹun ọ̀sán, mo gba fóònù mi níbi tí wọ́n máa ń bá wa tọ́jú rẹ̀ sí. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀. Kò kí mi, kò sì sọ pé òun ti dárí jì mí. Ó kàn bèèrè pé: "Ọwọ́ ọ̀tún ńkọ́?"

Mo fara ti ògiri. Mo wá tẹ̀ ẹ́ pé: "Ó ń dúró dè yín, ìyá mi."