Ife Omi Méjì Kí Ọwọ́ Tó Kan Àkàrà

Iwájú àmù omi ni òórùn àkàrà tí màmá mi ń dín lẹ́yìnkùlé ti máa ń bá mi, tí ife tánganran á wà lọ́wọ́ mi. Àmù náà ní òórùn tirẹ̀, òórùn amọ̀ tútù. Mi ò gbọdọ̀ lọ sídìí àkàrà tààrà, torí òfin wà nílé wa ní Ìdímù: ife omi méjì, tó kún dẹ́nu, kí ọwọ́ ọmọdé tó kan oúnjẹ. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà náà. Inú ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń bí mi títí dòní.

Bàbá mi ló gbé òfin náà wálé. Káfíńtà ni, láti Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti wá, ó sì rí iṣẹ́ sọ́dọ̀ àwọn òyìnbó tó ń la títì nígbà tí owó epo dé. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nígbà yẹn ò ní gbàgbé bí nǹkan òyìnbó ṣe gba àwọn bàbá wa lọ́kàn. Mílíìkì inú agolo wọlé, búrẹ́dì wọlé, rédíò aláriwo wọlé. Fóòmàn wọn níbi iṣẹ́ jẹ́ òyìnbó kan tó sanra débi pé ó ti ṣẹ́ àga méjì tí bàbá kàn fún un. Lójoojúmọ́, kí ọkùnrin yìí tó jẹun ọ̀sán, á kọ́kọ́ mu ife omi méjì. Bàbá bi í léèrè. Ó ní dókítà ló pàṣẹ ẹ̀, kí òun má baà máa jẹun púpọ̀ mọ́, pé omi sì dára fún ara.

Bàbá gbé e wálé bó ṣe wà. Kò wo ara òyìnbó, kò sì wo ara tiwa. Èmi àti Ráfíù àbúrò mi rèé, èèyàn lè dúró lójúde ka egungun ìhà wa!

“Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run” lọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Tí a bá ráhùn, á ní ẹnìkan kì í bá omi ṣọ̀tá. Òun fúnra rẹ̀ ńkọ́? Kò mu ún. Ó ní iṣẹ́ agbára lòun ń ṣe. Ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń bu oúnjẹ tirẹ̀, pẹ̀lú ẹran tó ju ti gbogbo wa lọ, èmi ni mo sì máa ń gbé e fún un. Èyí tó dùn mí jù ni pé èmi náà ni mo ń pọn omi ọ̀hún. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo máa ń lọ sí kànga bàbá onílé láàárọ̀, òṣùká lórí, tí omi á máa ta sí mi lọ́rùn. Orí mi ni mo fi ń ru ohun tí wọ́n fi ń dí ikùn mi.

Bí omi bá ti kún inú, àkàrà méjì àti ẹ̀kọ kan ò ní wọlé tán. Ráfíù á ti ìyókù sẹ́yìn, bàbá á sì máa yìn ín pé ọmọ òun ti ní ìtẹ́lọ́rùn. Tó bá fi máa di aago mẹ́wàá, omi ti lọ, ebi ló kù.

Lọ́jọ́ kan, olùkọ́ wa ń ṣe ìṣirò lọ́wọ́, mo nawọ́ pé mo fẹ́ lọ tọ̀. Ó ní ṣebí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ni, òótọ́ sì ni. Mo tún nawọ́, ó ní kí n fọwọ́ sílẹ̀. Mi ò nawọ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Ó dà sí mi lára lórí bẹ́ńṣì, ó ṣàn dé ẹsẹ̀ ọmọ tó jókòó tì mí, gbogbo kíláàsì sì bú sẹ́rìn-ín. Wọn ò pè mí ní Sìkírá mọ́, Ìyá Olómi ni wọ́n ń pè mí títí mo fi kúrò níléèwé yẹn.

Màmá bá mi nídìí kànga níbi tí mo ti ń fọ aṣọ iléèwé mi. Ó bi mí, mo sì rò ó fún un látòkè délẹ̀. Ó gba aṣọ náà lọ́wọ́ mi, ó fún un, ó sì sá a. Màmá mi kì í ṣe ẹni tó ń gbó ọkọ rẹ̀ lẹ́nu, torí náà mo gbà pé ó ti parí síbẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, òun fúnra rẹ̀ ló gbé oúnjẹ bàbá. Ó gbé e kalẹ̀, kò ṣí i. Ó wá gbé ife tánganran méjì, tó kún dẹ́nu, síwájú àwo, ó sì kúnlẹ̀ bó ṣe máa ń kúnlẹ̀. Bàbá bi í pé kí nìyẹn.

“Omi ni, Bàbá Sìkírá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mu ún tán kí n tó ṣí oúnjẹ.”

Bàbá ní àbí kò mọ̀ pé òun ń ṣiṣẹ́ ni.

“Àwọn ọmọ yìí náà ń dàgbà,” ni màmá wí. “Iṣẹ́ tiwọn nìyẹn.”

Bàbá wò ó, ó wò wá lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbé ife àkọ́kọ́, ó mu ún. Ó mu ìkejì, pẹ̀lú ìsinmi lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí màmá ṣí èbà, bàbá kò jẹ tó òkèlè márùn-ún tó fi dáwọ́ dúró. Ó ti àwo náà sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ló pe èmi àti Ráfíù pé ká wá jẹ ìyókù, tẹrantẹran. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò sẹ́ni tó dárúkọ ife. Ṣùgbọ́n bàbá kò sọ pé òun ṣàṣìṣe. Ó kú, kò sọ ọ́, ó sì ń dùn mí.

Láìpẹ́ yìí, nílé ìwòsàn kan ní Ẹgbẹ́dá, nọ́ọ̀sì tí àbígbẹ̀yìn mi jù lọ́jọ́ orí gbé mi sórí ìwọ̀n, ó mirí. Ó ní, “Màmá, ẹ máa mu ife omi méjì kí ẹ tó jẹun, kí oúnjẹ yín lè dín kù.” Mo gba káàdì mi, mo jáde láì dágbére. Ìta ni mo dé kí n tó gbà pé ọmọ náà ò purọ́. Ara fóòmàn ló wà lára mi báyìí. Mo ti ń mu ún, ara mi sì ti fúyẹ́ díẹ̀, mi ò lè parọ́ mọ́ omi.

Ní Sátidé tó kọjá, ọmọ ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, tín-ín-rín bíi tèmi ìgbà yẹn, rí ife lọ́wọ́ mi. Ó lọ bu omi tirẹ̀, ó ní òun náà fẹ́ ṣe bíi màmá àgbà. Mi ò mọ ìgbà tí mo já ife náà gbà, omi dà sí àwa méjèèjì lára. Ẹ̀rù bà á. Mo fà á mọ́ra, mo fa àwo àkàrà sún mọ́ ọn.

“Jẹun yó ná,” ni mo wí. “Omi ò ní sá lọ.”